Ẹ Bi Oníṣirò: Kí Ló Dé Tí 2147483647 Ń Yọjú Níbi Gbogbo?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tiwa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo rí i pé nọ́ńbà kan náà ló ń yọjú nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹnìkan bá a pàdé nínú líìsì ẹgbẹ́, ẹnìkan rí i lórí WhatsApp, ẹlòmíì ń bẹ̀rù pé ó máa ba fóònù òun jẹ́ lọ́dún 2038, ẹnìkan tiẹ̀ fẹ́ fi ta lọ́tò. Mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo wọn sójú kan, kí àwọn ìbéèrè tó kù sinmi di oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, Ìbàdàn: Ọ̀gá Oníṣirò, ẹ kú iṣẹ́ o. A gbé iṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan pé kó bá wa kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo mẹ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó máa tẹ líìsì jáde, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níwájú orúkọ gbogbo wa, 2147483647. Alága ní gbájúẹ̀ ti wọ inú ẹgbẹ́. Mo pe nọ́ńbà yẹn, kò lọ. Ta ló ni ín gan-an?

Ẹ bá mi sọ fún alága kó fọkàn balẹ̀, kò sí gbájúẹ̀ kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ yín tó ni nọ́ńbà yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọkùnrin yẹn jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rò pé nọ́ńbà fóònù jẹ́ iye, bíi owó tàbí ọjọ́ orí, nǹkan téèyàn lè rò pọ̀ tàbí kó yọ nínú ara wọn. MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń lò, ní àyè kan tó ń jẹ́ INT fún irú iye bẹ́ẹ̀, bíìtì 32 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ bóyá iye náà wà lókè òdo àbí nísàlẹ̀ òdo, ó wá ku 31. Bíìtì kọ̀ọ̀kan ò lè jẹ́ ju 0 tàbí 1 lọ. Tí gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá ti di 1, ó kún nìyẹn, iye tó sì wà níbẹ̀ nígbà tó kún ni 2,147,483,647. Ẹyọ kan péré, kò lè gbà á mọ́.

Ẹ wá wo nọ́ńbà fóònù tiwa. 0803, 0706, 0901, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá kà á sí iye, á kọ́kọ́ ju òdo iwájú yẹn nù torí òdo tó bá wà níwájú iye kò wúlò, ló bá ku díjíìtì mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 tàbí 7 tàbí 9, ìyẹn bílíọ̀nù méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ẹ ń ti bílíọ̀nù mẹ́jọ wọ ibi tó jẹ́ pé bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ló lè gbà! Tí wọn ò bá tan strict mode, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kó kọ iye tó bá pọ̀ jù, sílẹ̀ lórí MySQL yẹn, kò ní pariwo, kò ní kọ̀ ọ́, á kàn gé e mọ́ ibi tí agbára òun mọ, á sì máa bá iṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Báyìí ni gbogbo mẹ́ńbà ṣe di ẹni tó ń lo nọ́ńbà kan náà.

Èyí tó dun èèyàn níbẹ̀ ni pé ohun tó ti gé, ó ti gé e, ẹ ò lè rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín fà yọ nínú ẹ̀ mọ́, ẹ padà sídìí ìwé ríjísítà. Kí ọmọkùnrin yẹn yí àyè yẹn padà sí VARCHAR, tó wà fún ọ̀rọ̀ kíkọ, torí ta ló máa ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀? Ẹ sì bi í bóyá bó ṣe ṣe nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì náà nìyẹn o. Díjíìtì mẹ́wàá nìyẹn: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 á sọ òdo ẹ̀ nù, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 á di 2147483647, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 á wọlé láìsí wàhálà. Èyí tó wọlé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ẹ máa yẹ méjì mẹ́ta wò nínú wọn, ẹ máa rí i pé ó dáa, ẹ máa ní gbogbo ẹ̀ ló dáa.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní bíìtì 31 péré, báwo ló ṣe wá di bílíọ̀nù méjì? Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ẹnìkan ṣèlérí fún yín lóṣù January pé òun á fún yín ní kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ kìíní, kọ́bọ̀ méjì lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin lọ́jọ́ kẹta, kó máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́ títí oṣù á fi parí. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ₦163.84 ló máa kó wá, ẹ máa bú u. Lógúnjọ́, ₦5,242.88. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n nìkan, ₦10,737,418.24! Tẹ́ ẹ bá wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ₦21,474,836.47. Ẹ bá mi yọ àmì náírà kúrò, ẹ yọ kọ́mà, ẹ yọ àmì kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì fi kọ́bọ̀ kan kún un, ó di 2,147,483,648, ìyẹn ni 2 tí wọ́n fi 2 sọ di ìlọ́po ṣáá títí 2 fi pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà tiwa fi ẹyọ kan dín sí i. Ẹ mú ẹyọ kan yẹn dání, a máa lò ó nísàlẹ̀.

Ọmọ SS2 kan, Abẹ́òkúta: Ẹ káàsán sà. Wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí group kíláàsì wa pé prime number ni 2147483647, pé torí pé ó jẹ́ prime ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fi mú un, torí prime ò ṣeé hack. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe mọ̀ pé prime ni kí kọ̀ǹpútà tó dé?

Ọmọ mi, ìdajì ẹ̀ dáa, ìdajì ẹ̀ ò dáa. Prime ni lóòótọ́, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí kò ní ṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. Àmọ́ pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un, irọ́ gbuu ni, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń yí kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́, ó ń bí mi nínú.

Wo àwọn àyè tó kù tí kọ̀ǹpútà ń lò. Àyè oníbíìtì 8, yọ bíìtì àmì kúrò, ó ku 7, ó kún ní 127, prime ni. Oníbíìtì 16, ó ku 15, ó kún ní 32,767, 7 × 31 × 151 nìyẹn, kì í ṣe prime. Oníbíìtì 32 ni tiwa. Oníbíìtì 64 tí wọ́n ń lò jù báyìí, ó kún ní 9,223,372,036,854,775,807, 7 pín in, tó o bá tún fi 7 pín ohun tó jáde, á tún pín in, 73 náà pín in. Tó bá jẹ́ pé prime ni wọ́n ń wá, ṣé wọ́n á lọ fi gbogbo agbára sórí èyí tí 7 ń pín? Bí àyè ṣe fẹ̀ tó ló sọ ibi tó máa kún sí, prime kàn bọ́ sí i nígbà míì ni. Ti hack yẹn, àwọn prime tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, onídíjíìtì mẹ́wàá ò já mọ́ nǹkan kan lójú fóònù ọwọ́ ẹ.

Ohun kan wà tó ń sọ ìgbà tí prime lè bọ́ sí i. Tí iye bíìtì yẹn fúnra ẹ̀ bá ṣeé pín, iye tó kún sí náà ti ṣeé pín nìyẹn. 15 jẹ́ 3 × 5. Bíìtì 3 kún ní 7, bíìtì 5 kún ní 31, wá padà wo 32,767 tí mo kọ sókè, 7 àti 31 wà nínú ẹ̀. Torí náà iye bíìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ prime kó tó ní ìrètí rárá, 31 sì jẹ́ prime. Ìrètí nìkan ni mo sọ o, torí 11 náà jẹ́ prime, bíìtì 11 kún ní 2,047, 23 × 89 sì nìyẹn.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé ni pé kó o máa fi 2, 3, 5, 7, 11 pín in lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. O ò nílò láti lọ títí dé bílíọ̀nù kan, torí 46,340 lọ́nà 46,340 kò tíì tó o, 46,341 lọ́nà 46,341 ti kọjá ẹ̀, tó o bá ti dé 46,340 tí o ò rí ohun tó pín in, kò sí. Àmọ́ àwọn prime tó wà láàárín ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ìpín gígùn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́! Ṣé o máa rójú oúnjẹ?

Ẹni tó yanjú ẹ̀ ni Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1772 ni lẹ́tà tó kọ sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, ní Berlin lórí ẹ̀ jáde, ojú Euler sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán ká má purọ́, ohun tó kù ò ju fìrífìrí lọ. Àwọn tó ń kọ̀wé fún un wà, orí ẹ̀ ló fi ń ṣe ìṣirò.

Ohun tó ṣe ni pé ó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé irú nọ́ńbà wo ló tiẹ̀ láyà láti pín nǹkan yìí. Ká ní nọ́ńbà prime kan wà tó pín in, ká pè é ní Q. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, tó ò ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tó ò ń fi Q pín in, tó ò ń wo ohun tó ń ṣẹ́kù nìkan, àṣẹ́kù yẹn á máa yí ká, á padà sí 1 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 31, torí Q pín nọ́ńbà wa láìṣẹ́kù, nọ́ńbà wa sì fi ẹyọ kan péré dín sí 2 onílọ́po 31 yẹn (ẹyọ kan tí mo ní kẹ́ ẹ mú dání nìyẹn). Fermat, ará Faransé, ti rí i ṣáájú pé àṣẹ́kù yìí gbọ́dọ̀ padà sí 1 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ Q dín ọ̀kan náà. Ó ń padà sílé lẹ́yìn 31, ó tún gbọ́dọ̀ wà nílé lẹ́yìn Q dín ọ̀kan, 31 sì jẹ́ prime, kò ṣeé gé kéékèèké, á jẹ́ pé 31 gbọ́dọ̀ pín Q dín ọ̀kan láìṣẹ́kù. Má gbà mí gbọ́ lásán, dán an wò lára 2,047 tí mo kọ sókè: 23 dín ọ̀kan jẹ́ 22, 11 pín in. 89 dín ọ̀kan jẹ́ 88, 11 pín in. Ṣó o rí i?

Òfin kejì tún wà tó ní tó o bá fi 8 pín Q, àfi kó ṣẹ́ku 1 tàbí 7. Òfin méjèèjì papọ̀ sọ pé tó o bá fi 248 pín Q, 1 tàbí 63 nìkan ló lè ṣẹ́kù. 248 yẹn, 8 × 31 ni. Ó parí! Gbogbo 3, 5, 7, 11, 13 tó o fẹ́ máa fi àkókò ṣòfò lé lórí ti kúrò níbẹ̀. Prime àkọ́kọ́ tó tiẹ̀ yẹ kó o dán wò ni 311, èyí tó tẹ̀ lé e ni 1,303, wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó. Mú bébà: fi 311 pín 2,147,483,647, wàá rí 6,905,092, 35 á ṣẹ́kù. Kò pín in. Fi 1,303 pín in, 1,648,107, 226 á ṣẹ́kù. Kò pín in. Báyìí ni Euler ṣe lọ títí dé 46,339, àwọn tó sì ní láti dán wò kò pé ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé! Kò sí èyíkéyìí tó pín in. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ lẹ́yìn náà tí kò sí prime míì táráyé mọ̀ tó tóbi ju èyí lọ.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ni àwọn aládùúgbò ẹ̀ méjèèjì. 2,147,483,648 tó wà lẹ́yìn ẹ̀, 2 nìkan ló kún inú ẹ̀. 2,147,483,646 tó wà níwájú ẹ̀ jẹ́ 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Òun ló wà láàárín àwọn méjèèjì yẹn tí ẹnikẹ́ni ò lè fọ́. Fi han tíṣà math yín.

Ìyá àwọn ọmọ kan, Ìlọrin: Báwo la ṣe ń ka nọ́ńbà yìí lédè Yorùbá? Àwọn ọmọ bi mí, mo ní kí wọ́n jẹ́ n ronú sí i.

Bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mílíọ̀nù, kí wọ́n má baà sọnù.

Olùkàwé kan, Peckham, London: Ẹ̀gbọ́n, mo rí fídíò kan pé lọ́dún 2038 gbogbo fóònù àti báǹkì máa dákú, pé torí nọ́ńbà yìí ni. Mo ní mortgage lọ́rùn. Ṣé kí n máa múra sílẹ̀ ni?

Kò ní rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ bá a ṣe ń kà á, sẹ́kọ́ńdì ni wọ́n ń kà láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1970, aago Greenwich. Àwọn tó kọ ètò yẹn nígbà náà fi iye sẹ́kọ́ńdì yìí sínú àyè oníbíìtì 32 tí mo sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lókè. Sẹ́kọ́ńdì 2,147,483,647 jẹ́ ọdún 68 àti díẹ̀, ìyẹn ni pé téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan látọjọ́ tí wọ́n bí i, láìsùn láìjẹun, á ti di àgbàlagbà kó tó kà á tán. Ọdún 1970 sì ré kọjá tipẹ́. Ó máa kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 19 January 2038, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti sẹ́kọ́ńdì méje ìdájí lọ́dọ̀ yín ní London, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ tiwa níbí.

Sẹ́kọ́ńdì tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ tí wọn ò bá tíì tún ṣe máa ṣìnà. Tí bíìtì 31 bá kún, tó o tún fi ọ̀kan kún un, bíìtì àmì ló máa di 1, iye náà á wá já wálẹ̀ sí 2,147,483,648 nísàlẹ̀ òdo, kọ̀ǹpútà á bá gbà pé 13 December 1901 la wà.

Fóònù tó o fi ń kà èyí ò ní ìṣòro, bíìtì 64 ni wọ́n ń lò fún aago báyìí, ìyẹn ò sì ní kún kó tó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 292 ọdún. Àwọn tó ń bójú tó Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, náà ṣe àtúnṣe fún àwọn ẹ̀rọ oníbíìtì 32 nínú kernel 5.6 lọ́dún 2020. Ibi tí wàhálà wà ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké àtijọ́ tí wọ́n gbé kọ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́, kámẹ́rà, ráótà, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ti mortgage rẹ, fọkàn balẹ̀: mortgage ọlọ́dún 25 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2014 máa parí lọ́dún 2039, torí náà ó ti pẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà báǹkì ti ń ṣírò kọjá ọjọ́ yẹn. Gbèsè ẹ ò ní para ẹ̀ rẹ́ lọ́dún 1901 o, má wulẹ̀ retí ẹ̀.

Àwọn ibòmíì ti kọsẹ̀ lára ẹ̀ ṣáájú kódà. Lóṣù December ọdún 2014, iye ìgbà tí àwọn èèyàn ti wo fídíò "Gangnam Style" ti PSY, ọmọ South Korea, kọjá nọ́ńbà yìí lórí YouTube, wọ́n ní láti gbé ònkà náà lọ sí bíìtì 64. Lọ́dún 2015, àjọ FAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n má jẹ́ kí Boeing 787 kankan wà lórí iná fún ọjọ́ 248 láìpa á, torí wọ́n rí i pé tó bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ lè pa gbogbo iná ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ńdì ka 2,147,483,647, ọjọ́ 248 àti ààbọ̀ ló máa jẹ́. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á rántí 248 Euler. Àwọn méjèèjì ò bára wọn tan, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ẹ má fi ṣe fídíò.

Ọmọ babaláwo kan, Ọ̀yọ́: Bàbá mi ní odù Ifá jẹ́ 256, mo sì gbọ́ pé 256 wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní Ifá ló bí kọ̀ǹpútà. Ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìṣirò yẹn bára mu, mi ò ní fi dù yín. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kó dé, kò sí ẹ̀kẹta. Apá kan nìkan lè jáde lọ́nà 16, apá méjèèjì papọ̀ di 16 × 16, ìyẹn 256, ojú odù 16 àti àmúlù 240. Bíìtì mẹ́jọ kọ̀ǹpútà, ohun kan náà gẹ́lẹ́, 256. Ká ní ẹnìkan so ọ̀pẹ̀lẹ̀ olójú 31, ọ̀nà tó lè gbà balẹ̀ á jẹ́ 2,147,483,648, tẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òdo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà, èyí tó kẹ́yìn á jẹ́ nọ́ńbà wa.

Pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni mi ò lè bá wọn sọ. Leibniz, ọmọ Jámánì, tó tẹ ìwé jáde lórí kíka iye pẹ̀lú 0 àti 1 lọ́dún 1703, ìwé àfọ̀ṣẹ àwọn ará Ṣáínà ló tọ́ka sí níbẹ̀. Àwọn babaláwo wa ò nílò kí òyìnbó jí nǹkan wọn kó tó níyì, wọ́n ní ètò tó pé pérépéré, ẹsẹ fún odù kọ̀ọ̀kan lórí, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn gan-an le ju kọ̀ǹpútà lọ lójú tèmi.

Tíṣà kan, Ẹdẹ: Ṣé nọ́ńbà yìí wúlò fún nǹkan míì nínú ìṣirò, yàtọ̀ sí pé prime ni? Ṣé wọ́n sì ti rí èyí tó jù ú lọ?

Ó bí nọ́ńbà pípé kan. Nọ́ńbà pípé ni èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ro gbogbo àwọn tó pín in pọ̀, láìka òun fúnra ẹ̀, òun náà ló máa jáde. 6: 1 + 2 + 3. 28: 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, ti fi ọ̀nà ẹ̀ hàn láyé àtijọ́: ẹ mú prime irú tiwa yìí, ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi sọ prime yẹn di ìlọ́po. 3 × 2 jẹ́ 6, 7 × 4 jẹ́ 28, 31 × 16 jẹ́ 496, 127 × 64 jẹ́ 8,128. Tiwa lọ́nà 1,073,741,824 jẹ́ 2,305,843,008,139,952,128, òun ni ìkẹjọ. Lọ́dún 1811, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Barlow kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ló máa tóbi jù nínú èyí tí ẹ̀dá èèyàn á rí láéláé, torí wọn ò wúlò fún nǹkan kan, ta ló máa rójú wá òmíì. Ó mà kúkú mọ ìwà èèyàn díẹ̀ o! Pervushin ní Rọ́ṣíà rí prime ti bíìtì 61 lọ́dún 1883, Lucas ní Faransé ti ṣe ti bíìtì 127 ṣáájú ẹ̀ lọ́dún 1876, àwọn èèyàn ò sì tíì sinmi di báyìí. Prime tó tóbi jù táráyé mọ̀ ni Luke Durant rí lóṣù October ọdún 2024, ti bíìtì 136,279,841, díjíìtì ẹ̀ jẹ́ 41,024,320, tójú ìwé kan bá gba díjíìtì 5,000, ó lé ní ojú ìwé 8,200.

Tíṣà, ẹ tún fi èyí kọ́ àwọn ọmọ. 5 jẹ́ prime, bíìtì 5 kún ní 31. 31 jẹ́ prime, bíìtì 31 kún ní 2,147,483,647. Ó jẹ́ prime. Ó wá yẹ ká bi ara wa pé bíìtì 2,147,483,647 ńkọ́? Nọ́ńbà tó máa kún sí ní díjíìtì tó ju mílíọ̀nù 646 lọ, a ò tíì lè yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ti Durant wò. Àmọ́ òfin Fermat ṣì ń ṣiṣẹ́: ohunkóhun tó bá máa pín in, tẹ́ ẹ bá fi 2,147,483,647 pín nǹkan ọ̀hún, 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Wọ́n fi ìyẹn wá a, wọ́n sì rí i, 295,257,526,626,031 pín in láìṣẹ́kù. Kì í ṣe prime. Okùn yẹn já síbẹ̀.

Bàbá kan, Agége: Ẹ fún mi ní ìdáhùn ṣókí. Ṣé mo lè fi ta lọ́tò?

Lọ́tò wa, 1 sí 90 ni, nọ́ńbà márùn-ún sì lẹ máa mú. Tẹ́ ẹ bá gé nọ́ńbà yìí sí méjì méjì, 21, 47, 48, 36, 47. 47 yọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.